Àwọn Tí A Pè Ní Aláìlọ́run: Ẹ̀kọ́ Kan Láti Inú Ìtàn Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú



Ọ̀ràn tí a ó gbé yẹ̀ wò ni ojú tí Kristiani fi ń wo ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà, àti ojú tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń wo Kristiani. Púpọ̀ nínú wa a máa wí pé, ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ni yóò dá a dúró lọ́nà ibi? Òun náà a sì máa fèsì pé àdúrà li onígbàgbọ́ fi ń bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè.

Ẹ rántí pé àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ pàápàá ti jẹ́ orúkọ yìí rí. Nítorí pé wọn kò ní ère, wọn kò sì rúbọ, àwọn ará Róòmù pè wọ́n ní aláìlọ́run. Nígbà tí a mú Polikarpu, bíṣọ́ọ̀bù Smirna, wá síwájú ìdájọ́ ní nǹkan bí ọdún 155, a ní kí ó fi àwọn aláìlọ́run bú. Àwọn Kristiani li a sì ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, li ọdún 1849, a lu àwọn onígbàgbọ́, a sì kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, nítorí wọ́n kọ òrìṣà sílẹ̀. Lójú aládùúgbò wọn, ẹni tí ó kọ ohun tí baba rẹ̀ ń sìn, kí ni kò lè kọ̀? Ìbéèrè kan náà li àwa ń bi ẹlòmíràn lónìí.

Lẹ́yìn ogun ọdún 1892, ìyìnrere gbilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, ilé-ẹ̀kọ́ sì ń tẹ̀lé ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní àdúrà dàbí ilé tí kò ní ìpìlẹ̀ lójú àwọn ènìyàn wa.

Li ọdún 1949 a dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Mólúsì sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Stephen Olúwọlé Awókọ̀yà, ọmọ Àwà, ni ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1952, Táí Ṣólàárín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bọ́ sí ipò rẹ̀. Wesley College ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní Ìbàdàn ti kọ́ Ṣólàárín lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò gbà mọ́ pé Ọlọ́run wà. Lójú rẹ̀, orin ìsìn àti àdúrà òwúrọ̀ kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀ràn yìí li ó mú un kúrò ní Mólúsì. Kò fi ẹnu jẹ́ onígbàgbọ́ nítorí oúnjẹ. Òun àti Sheila aya rẹ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n sì dá Mayflower sílẹ̀ ní oṣù January, 1956. Ẹ kíyè sí orúkọ náà: orúkọ ọkọ̀ tí àwọn Kristiani Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620, kí wọn lè sin Ọlọ́run bí ọkàn wọn ti fẹ́, ni.

Kí li ó sì ti ibẹ̀ jáde? Àwọn tí ó bẹ̀rù pé ọmọ yóò di ìpáǹle níbẹ̀ rí àwọn ọmọ tí ń roko, tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí sì ń mú ọmọ wọn wá. Ní 1984 ó wí ní gbangba pé kí àwọn ológun dá ìjọba padà fún ará ìlú. Wọ́n sì jù ú sí ẹ̀wọ̀n ju ọdún kan lọ. Ó kú ní 1994.

Èmi kò wí pé ó tọ̀nà nípa Ọlọ́run. Òun náà sì ṣì wá mú, nítorí ọwọ́ tí ń gbàdúrà li ó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn rẹ̀ kò ṣófo: àwa pẹ̀lú mọ ẹni tí ń gbàdúrà lórí ọ̀nà tí ó kún fún kòtò, tí kò gbé ọkọ́ rí.

Àwọn àgbà wí pé ìwà lẹ̀sìn. Olúwa wa sì kọ́ni pé èso li a fi ń mọ igi. Ẹ jẹ́ kí a bá aláìgbàgbọ́ jiyàn nípa ìgbàgbọ́, láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe purọ́ mọ́ ìwà rẹ̀. Nítorí òfin tí ó kọ ẹ̀rí èké sí aládùúgbò wa kò yọ aládùúgbò tí kò gbàgbọ́ sílẹ̀.