Rélùwéè Ni àbí Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá?

Ní 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Ìddó ní Èkó. Nígbà tó fi máa di 1901, ọkọ̀ ti ń fọn fèrè wọ Ìbàdàn. Kòkó àti èkùrọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn bá ọkọ̀ náà wọ̀lú, ó sì kan ilé gbogbo: bàbá tó ń wá ọ̀nà àtijẹ fún ọmọ rẹ̀ ti ní ibi méjì tó lè fà á lọ.

Ibi àkọ́kọ́ ni ilé ọ̀gá. Òbí yóò mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ télọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbẹ̀dẹ tàbí mẹkáníìkì. Wọ́n á san owó ìkọ́ṣẹ́, wọ́n á sì ṣe àdéhùn níwájú ẹlẹ́rìí. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ọmọṣẹ́ tuntun kì í fọwọ́ kan sísọ́ọ̀sì. Yóò gbálẹ̀, yóò fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, yóò jíṣẹ́ fún ìyàwó ọ̀gá. Tó bá yá, wọ́n á fún un ní bọ́tìnnì kó rán an mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà wọ́n á ní kó ṣẹ́ etí aṣọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé orí pẹ́dálì Singer. Ìgbà tí ìdáǹdè rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ máa parí, bá ń sún mọ́lé ni ọ̀gá tó ń jẹ́ kó gé aṣọ oníbàárà. Owó oṣù kò sí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọmọ náà ń gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń nájà, ó ń rí oníbàárà tó ń sanwó lọ́wọ́ àti èyí tó ń gbà láwìn. Lọ́jọ́ ìdáǹdè, ó ti mọ iṣẹ́, ó sì ti mọ òwò.

Ibi kejì ni Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, olú ibùdó rélùwéè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà, lórí ẹ̀rọ tí agbára ọ̀gá kankan nígboro kò ká. Owó ń wọlé láìdúró de oníbàárà. Àwọn kan ń gbé kọ́tà, àwọn kan ń retí pẹ́ńṣàn. Simeon Adebo, ọmọ Abẹ́òkúta, wọ rélùwéè ní nǹkan bí 1933. Ní 1942 ó bọ́ sí ẹ̀ka ìṣàkóso ìjọba, ó sì ń gòkè títí ó fi di olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, kó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962. Iṣẹ́ ńlá nìkan ló ní ipò lórí ipò báyẹn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ṣí ipò wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún. Títí wọ àwọn ọdún 1940, òyìnbó ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ipò àgbà pamọ́ fún. Oníṣẹ́ irin tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá lè dàgbà sẹ́nu ẹ̀rọ kan náà. Nígbà tí ọ̀dá owó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wákàtí ka owó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ rélùwéè, ìyẹn sì dùn wọ́n wọra. Michael Imoudu, ọmọ Ọ̀rà, tó wọ ibẹ̀ ní 1929 láti kọ́ṣẹ́ irin, ló wá ṣáájú wọn nínú ìjà ẹ̀tọ́ wọn. Ìjọba lé e kúrò ní Èkó ní 1943. Kò pẹ́ tó padà dé ní 1945 tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò fi bẹ́ sílẹ̀ lóṣù Òkúdù. Òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000 pa iṣẹ́ tì fún ohun tó ju oṣù kan lọ. Ọmọṣẹ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ télọ̀ kan kò lè rí irú agbára bẹ́ẹ̀ láéláé.

Àwọn mìíràn yàn láti jáde kúrò nínú iṣẹ́ olówó oṣù. Timothy Adeola Odutola ti Ìjẹ̀bú-Òde ṣe akọ̀wé kóòtù, ó fi í sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ òwò ara rẹ̀, ó sì ṣe é títí tó fi ní ilé iṣẹ́ táyà. Nígbà tí àwọn onílé-iṣẹ́ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1971, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Òmìnira Nàìjíríà kò sì pa ilé ọ̀gá run. Ìwádìí tí Archibald Callaway ṣe nílùú Ìbàdàn ní 1961 rí i pé ilé iṣẹ́ kéékèèké tó wà níbẹ̀ ju 5,000 lọ, ọmọṣẹ́ sì kún inú wọn.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ọ̀nà méjèèjì, iṣẹ́ olówó oṣù àti ṣọ́ọ̀bù, pàdé ní Ìkẹjà. Adebo yẹn kan náà ni ìjọba fi ṣe alága ìgbìmọ̀ owó oṣù ní 1970. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n fi owó kún owó àwọn òṣìṣẹ́ nítorí ọjà tó gbówó lórí. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ kan kọ̀ láti san án ní ìbẹ̀rẹ̀ 1971, àwọn òṣìṣẹ́ fáktìrì ní Ìkẹjà dáṣẹ́ sílẹ̀. Adrian Peace, tó ṣèwádìí láàárín wọn, rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò gbèrò láti darúgbó sí fáktìrì. Wọ́n fẹ́ tọ́jú owó, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tàbí ọjà, kí wọ́n sì di ọ̀gá ara wọn. Nínú owó tí wọ́n jà fún ní ẹnu ọ̀nà fáktìrì yẹn, owó ìdásílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀.