Oúnjẹ Tí Kò Rí Ọ̀nà Wọlé

Ní ọdún 1960 ni òfin sọ Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Nàìjíríà di ẹgbẹ́ tí ó dá dúró. Ẹ̀ka ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀. Ọdún 7 kò ì tí ì pé tí ogun abẹ́lé fi bẹ́ sílẹ̀, ní oṣù Keje 1967.

Ní ìhà Ìlà-Oòrùn, iyọ̀ di ohun ọ̀wọ́n, ẹsẹ̀ àti ikùn àwọn ọmọdé sì ń wú nítorí àìrí ẹja àti ẹran jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ń bẹ ní Fernando Po àti Kútọnu. Ọ̀nà tí yóò gbà wọlé ni ìjà. Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú máa fò lọ́sàn-án, kí a sì kọ́kọ́ yẹ ẹrù inú wọn wò. Biafra kọ̀, òru ni wọ́n ń balẹ̀ ní Uli. Èkíní fura pé ìbọn wà lábẹ́ wàrà. Èkejì bẹ̀rù pé ọkọ̀ ogun yóò tọ ipasẹ̀ ọkọ̀ oúnjẹ wá. Ìfura méjèèjì ní ìdí, ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa kò mọ ọ̀kankan nínú wọn.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà 1969, ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ já ọkọ̀ òfuurufú Alágbèélébùú kan lulẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ti gba àkóso ìrànlọ́wọ́ kúrò lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ àgbáyé. Nígbà tí ogun parí ní oṣù Kínní 1970, ẹgbẹ́ ti Nàìjíríà gan-an ni ó ń pín oúnjẹ fún àwọn tí a ti ń pè ní ọ̀tá.