Ìtakìtì Omi

Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Alákìà ní Ìbàdàn, tó kọrí sí ọ̀nà Ifẹ̀, Ẹ̀gbẹ́dá ni yóò kọjá kó tó kan odò Ọ̀ṣun ní Asẹ́jìrẹ́. Ibẹ̀ ni ará Alákìà ti lè rí omi tó ń já bọ́ láti òkè nítòsí ilé, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n sé odò náà, iṣẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n torí rẹ̀ sé e sì parí ní 1972, kí ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Ìsédò lorúkọ tó bá a mu. A sé odò, odò dúró. Èyí tó bá pọ̀jù níbẹ̀ ló ń wá ọ̀nà sọ̀ kalẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí omi tó fúnra rẹ̀ bẹ́ láti orí àpáta, kó má tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kó gba Ìkirè, Gbọ̀ngán, Ifẹ̀ àti Iléṣà kọjá, kó yà sí Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé. Ẹni tó bá tètè jí lè lọ kó sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà. Ìpele méje ni omi náà ní, èyí àkọ́kọ́ kò sì jìnnà rárá sí ibi tí wọ́n ti ń gbowó ìwọlé. Tọmọdé tàgbà ló ń dé ibẹ̀.

Kí là ń pe irú omi bẹ́ẹ̀? Ìṣàn omi ni ọ̀pọ̀ ń pè é, n kò sì fara mọ́ ọn. Ohun tó bá ń lọ nílẹ̀ gbọọrọ ló ń ṣàn. Gọ́tà ń ṣàn, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, omi téèyàn máa mu kì í sì í ṣàn kọjá ẹni. Kò sí ṣíṣubú nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tún wà, ọ̀rọ̀ ilé tó dùn létí: òjò ń rọ̀, omi ń tú láti etí páànù, ìyá sáré gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Ó súnmọ́ ọn, nítorí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń já bọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti bọ́ sí garawa, ìrìn rẹ̀ ti parí.

Ìtakìtì omi ni èmi fara mọ́. Ta òkìtì ló di takìtì. Ẹ wo ta yẹn dáadáa, nítorí kì í ṣe ta ti ọjà. Òun ló wà nínú ta ọfà, ta gìrì, ta jí: ohun tó ṣẹlẹ̀ lójijì, tó sì ní agbára nínú. Òkìtì ní tirẹ̀ ni kéèyàn dorí kodò lófuurufú kó sì fi ẹsẹ̀ balẹ̀. Eégún onídán ń ta á lójú agbo. Àwọn ọmọ Alákìà náà ń ta á níbikíbi tí wọ́n bá ti da yanrìn ìkọ́lé sílẹ̀. Òkìtì là ń pe yanrìn tí wọ́n da jọ yẹn pẹ̀lú, bí a ṣe ń sọ òkìtì ọ̀gán, bí a ṣe sọ ìlú kan ní Òkìtìpupa. Inú mi máa ń dùn bí ọmọ bá ń ta òkìtì lórí òkìtì. Èmi ò ní í búra pé ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì, àmọ́ wọ́n mọ ara wọn.

Fífi ẹsẹ̀ balẹ̀ yẹn ni kókó. Ẹni tó ṣubú, ó ṣubú nìyẹn. Ẹni tó takìtì dìde, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dúró nísàlẹ̀ ìpele àkọ́kọ́ ní Erin, ẹ ó rí i. Omi á kan òkúta, á fọ́n ká di ìrì funfun, aṣọ yín á tutù kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, á kóra jọ láàárín àwọn òkúta tó ń yọ̀, á tún gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà lókè kó tó dọ́dọ̀ yín. Àpáta òkè Ẹ̀fọ̀n tó gbé e dúró ló fà á. Òkúta quartzite tó wà nínú rẹ̀ le, omi kì í tètè jẹ ẹ́. Àwọn tó rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni omi ń jẹ tán. Bẹ́ẹ̀ ni òkè náà ṣe di àtẹ̀gùn.

Ṣé odò wá lè takìtì? Ẹni tó ní ara, tó ní ẹsẹ̀, ló ń takìtì. Ọ̀rọ̀ yìí ti ka omi sí ẹni abẹ̀mí kó tó dárúkọ rẹ̀. Mo rò pé bí àwọn ará Erin náà ṣe rí i nìyẹn. Olúmirin ni wọ́n ń pe omi wọn, wọ́n sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí Olú mìíràn, òrìṣà mìíràn. Ìtàn wọn ní Akínlà, ọmọ ilé Odùduwà, ló tẹ ìlú náà dó. Àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ kò wọn gíga rẹ̀, wọn kò ka ìpele. Olú ni wọ́n rí. Lọ́nà jíjìn, ní ààlà Zambia àti Zimbabwe, ariwo àti ìkùukùu ni àwọn ènìyàn gbọ́ tí wọ́n sì rí, wọ́n pe tiwọn ní Mosi-oa-Tunya, èéfín tó ń sán bí ààrá. Nígbà tí Livingstone, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé ibẹ̀ ní 1855, orúkọ ọbabìnrin ìlú rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Victoria kò sọ nǹkan kan fúnni nípa omi náà.

Àwọn olùkọ́ máa ń kó ọmọ ilé ìwé lọ sí Erin láti Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n bọ́ bàtà, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí omi yẹn ń ṣe. Ọmọ tó bá ti gun òkìtì yanrìn rí á dá yín lóhùn kí ẹ tó kọ́ ọ.