Erinlẹ̀ Ìlobù ní Èbúté Havana

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Odò Erinlẹ̀ ń ṣàn gba ẹ̀bá Ìlobù kọjá lọ bá odò Ọ̀ṣun. Omi rẹ̀ kò dé òkè òkun, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti dé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Lọ́dọọdún ni ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ń kó ogunlọ́gọ̀ èrò lọ sí àwọn erékùṣù Caribbean. Ọ̀pọ̀ wọn kì í rìn jìnnà sí èbúté kí wọ́n tó padà wọ ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn wọ ìlú, tó sì bá onílé sọ̀rọ̀, ni yóò mọ ìtàn ibẹ̀. Bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọ Yorùbá, ìtàn ilé rẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Havana, olú-ìlú Kúbà, ṣe àpẹẹrẹ. Láti 2019 ni Amẹ́ríkà kò ti gba kí ọkọ̀ ìgbafẹ́ láti ilẹ̀ rẹ̀ lọ síbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ èbúté náà ṣì kọjú sí gbàgede San Francisco ní ìlú àtijọ́. Láti ibẹ̀, ènìyàn lè rìn létí omi dé ibi tí ọkọ̀ kékeré ti ń kó èrò sọdá sí Regla. Ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Wúńdíá ti Regla wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, àwọn olùfọkànsìn a máa wọ aṣọ búlúù lọ síbẹ̀, nítorí Yemọja ni ọ̀pọ̀ wọn ń rí lára ère náà.

Bí àlejò bá béèrè Erinlẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olórìṣà Kúbà, wọn yóò dá a lóhùn. Inle ni wọ́n ń pè é. Apẹja ni, oníṣègùn sì ni. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Ráfáẹ́lì Mímọ́, ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá sì ni ọdún rẹ̀. Wọ́n tún máa ń dárúkọ Abata mọ́ ọn. Ta ni ọmọ Ìlobù tí kò mọ àbàtà etí odò?

Báwo ni òrìṣà náà ṣe débẹ̀? Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ dàrú ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 19, ogun kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, a sì tà wọ́n sí oko ìrèké ní Kúbà. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin pátápátá níbẹ̀. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò rí orin wọn gbà.

Bákan náà ni ó rí ní Trinidad. Láti èbúté Port of Spain, ènìyàn lè rìn dé Belmont, níbi tí àwọn Adúláwọ̀ tó gba òmìnira tẹ̀ dó sí. Ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó Trinidad ni Maureen Warner-Lewis ti gba ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá tó kọ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1996. Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé pẹ̀lú bẹ Kúbà wò ní 1987, ó sì dé Trinidad ní 1988.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn yìí. Ọmọ Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀gbá tí ogun ilé ti pín níyà ni wọ́n jọ di Lukumí ní Kúbà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti inú “olùkù mi” ni orúkọ náà ti wá. Ní ilé ńkọ́? Ní 2025, ìjà ààlà ilẹ̀ láàárín Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun gba ẹ̀mí, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé.

Ó yẹ kí a kọ́ àwọn ọmọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìtàn yìí ní kíláàsì kan náà. Àwọn tí a tà ní ẹrú pe ara wọn ní ọ̀rẹ́ nílẹ̀ àjèjì. Ìtìjú ni bí àwọn tó kù sílé kò bá lè pe aládùúgbò wọn bẹ́ẹ̀.