Abẹ Méjì, Abẹ Mẹ́jọ: Ìtumọ̀ Àmì Ara Agbádá Àtijọ́

Bí a bá ṣí àpótí aṣọ àwọn baba wa ní Ìkirè tàbí ní Àpòmù, ó ṣeé ṣe kí a bá agbádá ńlá kan tí a fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí láyà, ọnà tí ó gùn tí ó sì ṣóńṣó bí ọ̀bẹ aṣóró. Ẹnìkan yóò ní oògùn ogun ni, kí a sun ún. Ẹlòmíràn yóò ní idà àwọn tí ó fi ogun tan ẹ̀sìn ni, kì í ṣe tiwa, kí a tà á. Èrò wa ni pé àwọn méjèèjì ti kánjú. Ẹni tí yóò túmọ̀ àmì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ orúkọ tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè é.

Àwọn Haúsá, tí ọnà yìí gbilẹ̀ láàárín wọn, ń pè é ní aska: aska biyu bí ó bá jẹ́ méjì, aska takwas bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ìwé Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ aska sí ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n wuƙa ni ọ̀bẹ ní èdè Haúsá; abẹ ni a mọ aska sí, èyí tí onígbàjámọ̀ fi ń fá orí, tí a sì fi ń kọ ilà. Orúkọ náà kò ti ojú ogun wá. Òbírí tí ó sábà máa ń wà lápá ọ̀tún ẹ̀wù náà ń jẹ́ tambari, èyíinì ni ìlù ọba. Ipò àti ọlá ni agbádá náà ń sọ.

Irú àṣìtúmọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Èèkù idà àwọn Tuareg ti aṣálẹ̀ Sàhárà dàbí àgbélébùú. Àwọn ará Yúróòpù kan wí pé àjẹkù ẹ̀sìn Kírísítì ni, bẹ́ẹ̀ sì ni Mùsùlùmí ni àwọn Tuareg. Ojú nìkan ni wọ́n fi túmọ̀ rẹ̀. Wọn kò béèrè.

Báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń dé àárín wa? Ọjà ni. Kí ogun Òwu tó bẹ́ ní nǹkan bí 1820, ọjà Àpòmù, tí kò jìnnà sí Ìkirè, ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921 pé ìjà orí ataare ní ọjà náà ni ó bí ogun yẹn. Níbi tí ẹrù bá ń gbà kọjá, orúkọ a máa bá a rìn. Sẹ́dà pupa ń la Sàhárà kọjá dé Kánò: ḥarīr ni Lárúbáwá ń pe sẹ́dà, alharini ni Haúsá, àlàárì ni tiwa. Síbẹ̀, ta ni yóò sọ pé àlàárì kì í ṣe aṣọ Yorùbá?

Kì í sì ṣe jíhádì Usman dan Fodio, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1804, ni ó kọ́ mú ẹ̀wù ńlá dé apá ìhín. Ní 1659, ẹ̀wù méjì láti Allada, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ti wà nínú àkójọ Christoph Weickmann ní ìlú Ulm, Jámánì. Àwọn ahunṣọ wa pẹ̀lú ń hun àwòrán wàláà, pátákó ọmọ ilé kéú, sínú aṣọ. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n jọ ń ró o.

Ẹ̀rọ ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ abẹ́rẹ́, àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ ọnà sì ń dín kù. Kí a tó sun agbádá kan tàbí kí a tà á, ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ wọn ẹni tí ó ṣe é, orúkọ tí ó pè é, àti ọ̀nà tí òwú rẹ̀ gbà wá, kí a sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.