Ríìmù àti táyà tí òfin gbà nínú ìdíje autocross: ohun tó yẹ kí awakọ̀ mọ̀ kó tó náwó

Nínú àwọn ìdíje ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní autocross wà lára àwọn tí ẹni tí kò lówó rẹpẹtẹ lè bá wọn dá sí. Kò nílò pápá ìsáré olówó ńlá. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tó fẹ̀ tàbí ọ̀dà pápákọ̀ òfurufú tí wọn kò lò mọ́ ti tó. Wọ́n á to kóònù rọ́bà síbẹ̀ láti fi la ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á sì máa gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí aago ń ka àkókò rẹ̀ dé ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹni tó bá gbá kóònù kan ṣubú, ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni wọn yóò fi kún àkókò rẹ̀. Ẹgbẹ́ Sports Car Club of America, SCCA, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1944, ló ń ṣètò èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ, Solo lorúkọ tí wọ́n fún un. Láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń ṣe àṣekágbá rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà nílùú Lincoln, ní ìpínlẹ̀ Nebraska.

Ọ̀wọ́ tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni ti àwọn ọkọ̀ tó ṣì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe kó wọn jáde. Stock ni wọ́n ń pè é títí ọdún 2013 fi parí. Láti 2014 ló ti ń jẹ́ Street. Kì í ṣe orúkọ nìkan ni wọ́n yí padà. Nígbà Stock, àwọn awakọ̀ máa ń lo táyà ìdíje tó rọ̀ bí èso àgbálùmọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í tọ́jọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ borí ní láti máa ra òmíràn léraléra. Owó yìí ń lé àwọn èèyàn sá. Òfin tuntun náà sọ pé kí kálukú lo táyà tó ṣeé gbé rin ìrìn àjò lójú títì.

Ohun tí Street gbà kí awakọ̀ pààrọ̀ kò pọ̀. Ó lè pààrọ̀ páàdì bíréèkì, ṣọ́kì, àti irin kan tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, yálà ti iwájú tàbí ti ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Nítorí náà, orí ríìmù àti táyà ni iṣẹ́ ń bẹ, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ owó nù.

Ìbú ríìmù ni òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Ìbú tí ilé-iṣẹ́ fi sí irú ọkọ̀ yẹn gan-an ni kó wà, kò gbọ̀dọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ dín. Ìdábùú rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn fọ́kànáísà ń pè ní ríìmù 15 tàbí ríìmù 16, lè fi íǹṣì 1 ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, ó sì lè fi íǹṣì 1 kéré sí i. Ẹ jẹ́ ká mú Mazda MX-5 ti ọdún 1990 wò. Ríìmù 14 tí ìbú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 5.5 ló bá a wá. Ẹni tó ni ín lè lo ríìmù 13, 14 tàbí 15, ṣùgbọ́n ìbú 5.5 náà ni yóò jẹ́. Tó bá wá wọ ọjà, ríìmù 15 tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 7 tàbí 8 ni yóò máa rí káàkiri, olùtajà á sì fi gbogbo ẹnu sọ fún un pé ó bá ọkọ̀ rẹ̀ mu. Irọ́ kọ́ ni olùtajà pa: yóò wọlé, kò sì ní ha fẹ́ńdà. Àmọ́ ní kété tí wọ́n bá dè é mọ́ ọkọ̀, ọkọ̀ náà ti kúrò ní Street nìyẹn. Ọ̀wọ́ Street Touring ni yóò bá ara rẹ̀, láàrin àwọn tí wọ́n ti tún ọkọ̀ tiwọn ṣe ju tirẹ̀ lọ fíìfíì.

Irú ọkọ̀ kan náà sì lè ní ìbú méjì. MX-5 ìran kẹrin, tó jáde fún ọdún 2016, wá pẹ̀lú ríìmù 16 oníbùú 6.5 lára Sport, ó sì wá pẹ̀lú ríìmù 17 oníbùú 7 lára Club. Ẹni tó ra Sport kò lè yá ìbú Club lò.

Ohun kejì ni offset, èyí tó máa ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Bí a bá fa ìlà kan sí àárín gbùngbùn ìbú ríìmù, offset ni bí ojú ibi tí ríìmù ti ń kan họ́ọ̀bù ṣe jìnnà sí ìlà náà, ní mìlímítà. Bí nọ́ńbà yìí bá ń kéré sí i, ṣe ni táyà ń yọ síta. Mìlímítà 7 sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀ ni Street fàyè gbà. MX-5 Club tó ní 45 lè lo ohunkóhun láti 38 dé 52. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sún mọ́ 38, nítorí táyà á fi mìlímítà 7 yọ síta lápá ọ̀tún, á tún yọ bẹ́ẹ̀ lápá òsì, ọkọ̀ á sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tó bá ń yí kọ́nà.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí nìkan. Ẹ dojú ríìmù dé ilẹ̀, ẹ fi igi gbọọrọ kan dábùú etí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì wọn ibi igi náà dé ojú tó ń kan họ́ọ̀bù. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 146.5, tí ríìmù látòkè délẹ̀, láti etí kan sí èkejì, jẹ́ 203, ẹ pín 203 sí méjì, ó di 101.5, ẹ yọ ọ́ kúrò lára 146.5, 45 ló kù. Ìṣirò yìí nìkan ni a ń fi etí síta ṣe o. Ìbú tí òfin ń sọ, ibi tí táyà jókòó sí nínú ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe etí ríìmù. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò rò pé ríìmù oníbùú 7 jẹ́ 8.

Ó tún yẹ kí ihò àárín ríìmù bá họ́ọ̀bù mu, 54.1 mìlímítà ni ti MX-5. Bí ihò bá tóbi jù, kí wọ́n fi òrùka dí i, kí ọkọ̀ má baà máa gbọ̀n lórí eré.

Ká wá bọ́ sórí táyà. Òfin Street fẹ́ kí nọ́ńbà treadwear tó wà lára rẹ̀ tó 200, ó kéré tán. Táyà Hoosier A7, tí wọ́n ń lò níbi tí òfin kò ti ká wọn lọ́wọ́ kò, 40 ni tiẹ̀. Nọ́ńbà yìí wá láti inú òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n ń fi táyà rìn lójú ọ̀nà kan tó gùn tó máìlì 400 ní agbègbè San Angelo, ní Texas, títí yóò fi pé máìlì 7,200, wọ́n á sì fi bó ṣe jẹ wé táyà àfiwéra kan tí wọ́n ka sí 100. Èyí tó bá tọ́jọ́ ní ìlọ́po méjì, 200 ni. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe táyà fúnra rẹ̀ ló ń kọ nọ́ńbà náà sí i, bí ó bá sì fẹ́ kọ èyí tó kéré sí ohun tí ìdánwò fi hàn, kò sẹ́ni tí yóò mú un. Nọ́ńbà yìí kò sọ bí táyà ṣe ń di ilẹ̀ mú. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń ra táyà ti gbọ́dọ̀ lajú. 

Yokohama Advan A052 jẹ́ 200, Hankook Ventus RS4 náà jẹ́ 200, síbẹ̀ ìwà wọn kò jọra. A052 tètè ń gbóná, ó sì ń di ilẹ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó dára fún eré tí kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ méjì bá ń lo ọkọ̀ kan, tí wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, ó lè gbóná kọjá ààlà, wọ́n á sì máa fọ́n omi sí i. RS4 ń pẹ́ kó tó gbóná, ó sì ń pẹ́ kó tó jẹ. Ẹni tí ọkọ̀ ìdíje rẹ̀ náà ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, RS4 ló máa ṣe é láǹfààní.

Ìwọ̀n náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Táyà 205/45R17 ga ní mìlímítà 616. Bí ẹ bá lo ríìmù 16 pẹ̀lú 205/45, yóò di 591, ọkọ̀ á wálẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 13, á sì tètè máa já lọ. Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ni pé eré tí jíà kejì lè sá yóò dín. Bó bá ń parí ní máìlì 60 tẹ́lẹ̀, á wá máa parí ní nǹkan bíi 57.5, awakọ̀ á sì ní láti yí jíà níbi tí àwọn yòókù kò ti yí i. Kí ó kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà tí wọ́n máa ń là lágbègbè rẹ̀ ṣe ń yá tó. Kí ó tún wo nọ́ńbà ẹrù: 84 túmọ̀ sí pé táyà kan lè ru kìlógíráàmù 500, kò sì yẹ kó lọ sí ìsàlẹ̀ ohun tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fi lélẹ̀.

Ọjọ́ orí táyà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ì báà ṣe ẹni tó ń díje ní Nebraska tàbí ẹni tó ń ra táyà tòkunbọ̀ ní Èkó. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kóòdù DOT ni kí ẹ wò: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tí ojú rẹ̀ ṣì dán lè ti gbó nínú, rọ́bà tó bá sì ti le kò ní di ilẹ̀ mú mọ́.

Ní ti ìjìyà, ẹnikẹ́ni tó wà nínú ọ̀wọ́ kan náà lè san owó kó sì fi ẹ̀sùn kan ọkọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn alákòóso á tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, wọ́n á wọ̀n ọ́n, bí kò bá sì bá òfin mu, wọ́n lè fagi lé àbájáde rẹ̀. Ọdọọdún ni SCCA ń gbé ìwé òfin Solo jáde, ó sì ń ṣàtúnṣe sí i. Ti ọdún tí èèyàn fẹ́ díje gan-an ni kó kà kó tó san owó ríìmù, kó sì tọ́jú ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi kọ ìbú àti offset ọkọ̀ rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà.