Ohùn Oníkiri àti Iṣẹ́ Ìpolówó Ọjà ní Ìbàdàn

Ọdún 1928 ni àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ ìpolówó ọjà ní Nàìjíríà sábà máa ń mú bí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọdún náà ni a dá West African Publicity sílẹ̀ ní Èkó, ilé-iṣẹ́ tó di Lintas nígbà tó yá. Àwọn mìíràn a tún padà sẹ́yìn dé ọdún 1859, sí Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend ń tẹ̀ jáde ní Abẹ́òkúta. Bí a bá ti Ìbàdàn wò ó, ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì ti pẹ́ jù. Wọ́n sì mú kí iṣẹ́ ẹnu, tí í ṣe ti àwọn obìnrin àti ọmọdé jù lọ, bọ́ sẹ́yìn ìtàn.

Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ológun tẹ Ìbàdàn dó, oyè Ìbà tí Olúyọ̀lé jẹ ni a sì ń rántí nínú orúkọ Ọjà'ba. Ìsàlẹ̀ Òkè Mápó ni ọjà náà wà. Láti ibẹ̀ dé Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnká, agbo ilé fara ti agbo ilé, ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ló là wọ́n kọjá. Ẹni tó ń kiri oúnjẹ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò lè retí pé kí wọ́n rí ọjà òun. Wọ́n ní láti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohùn gbọ́dọ̀ fo ògiri, kí ó bá ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i, nítorí ẹni tó bá tú 'ìpolówó' wò yóò bá 'pè' àti 'olówó' nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọmọ tó ń gbé igbá ẹ̀kọ tẹ̀lé ìyá rẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń fa ohùn, ibi tí a ti ń dánu dúró, àti ìgbà tó yẹ kí a yí ọ̀rọ̀ padà. Ohùn òwúrọ̀ ń jí olóorun. Ti alẹ́ ń wá ẹni tí kò tíì dáná. Ohun tó yẹ kí a kíyè sí jù ni pé oníkiri lè má dárúkọ ohun tó ń tà rárá. Ẹni tó ń ta àgbàdo sísun lè máa kéde jíjiná rẹ̀ nìkan, ẹlẹ́kọ a máa sọ ti gbígbóná, ìyókù di ti olùgbọ́. Ìdí abájọ kò jìnnà. Àgbàdo rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni àmì tí oníbàárà fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ a máa ka ìpolówó mọ́ ewì alohùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé òwò ni, àti pé ẹni tí ìpolówó rẹ̀ kò bá dùn lè gbé igbá rẹ̀ padà sílé bó ṣe gbé e jáde.

Ọdún 1929 ni a ṣí Gbọ̀ngàn Mápó sórí òkè tó kọjú sí ọjà yìí. Ní 1939, Redifúṣọ̀n dé Ìbàdàn, wáyà sì ń gbé ohùn wọ ilé ẹni tó bá ń san owó àpótí. Ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀, níbi tí akéwì Adébáyọ̀ Fálétí ti ṣiṣẹ́. Àwọn apolówó wá nílò ohùn Yorùbá gan-an. Àmọ́ ọṣẹ, sìgá àti ọtí inú ìgò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ: orúkọ tí ilé-iṣẹ́ fún wọn ni wọ́n fẹ́ kí ènìyàn há sórí. Nítorí náà, ìpolówó orí rédíò yá ohùn àti orin oníkiri lò, ó sì fi orúkọ sí ibi tí oníkiri fi sílẹ̀ lófìfo. Ìyípadà yìí tóbi ju ti wáyà àti àwòrán lọ.

Owó náà sì gba ọ̀nà ọ̀tọ̀. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó ń gba kọmíṣàn, ẹni tó fi ohùn sílẹ̀ ní sítúdíò ń gba owó iṣẹ́. Oníkiri kò rí ju èrè orí igbá rẹ̀ lọ. Òfin 55 ti ọdún 1988, tó dá APCON sílẹ̀, fi ìforúkọsílẹ̀ sọ ẹni tó lè pe ara rẹ̀ ní apolówó ọjà. Ní 2022, òfin tuntun sọ APCON di ARCON. Lọ́dún náà, ARCON kéde pé láti 1 Oṣù Kẹwàá, a kò gbọdọ̀ lo ohùn àti àwòrán àjèjì mọ́ nínú ìpolówó tó wà fún Nàìjíríà; ó tún pe Meta, tó ni Facebook àti Instagram, lẹ́jọ́ fún bílíọ̀nù 30 náírà nítorí ìpolówó tí kò gba àṣẹ. Ó dára pé ìjọba gbà báyìí pé ohùn ní olóhùn. Oníkiri, ẹ̀wẹ̀, kò sí nínú ìwé náà.

Lónìí, àwọn kan ti gba ohùn sílẹ̀ sínú gbohùngbohùn oníbátìrì, tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀rọ náà ń sinmi ọ̀fun, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tó ń bọ̀. Kò lè ki ìyàwó tuntun, kò sì lè dẹ ohùn nígbà tí òkú bá sùn ní agbo ilé. Ti fóònù yàtọ̀. Ẹni tó ń ta aṣọ lè fi àwòrán àti ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp, láìgba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìpolówó kankan kọjá. Níwọ̀n bí àwòrán ti fi aṣọ hàn, kò tún sí ìdí fún un láti dárúkọ rẹ̀. Dídán rẹ̀ ni yóò máa sọ, àti pé ó ti fẹ́ tán.